Ẹ-Jẹ́-n-Wò-Ó àti Àpérò Àmì Ohùn

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí ẹ bá gbé búrẹ́dì fún un, yóò yí i síwá sẹ́yìn, yóò ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò na ọwọ́ sí ìta fèrèsé, yóò ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kọ́kọ́ sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó fi dá a lóhùn ni pé, "Ta ló rán ẹ?" Ọkọ náà a máa sọ pé odidi ọdún kan ni òun fi ń wá ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ò rán òun. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣègbéyàwó, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ẹ-Jẹ́-n-Wò-Ó, òun náà sì ń dáhùn.

Lẹ́tà àti àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé ló ń yà fún oúnjẹ òòjọ́. Yàrá méjì ló fi ń ṣiṣẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, tó fi jẹ́ pé ìró òòlù ni wọ́n fi ń mọ̀ níbẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ọ̀kan lè ṣe lọ. Kò kàn gba ọ̀kan gbọ́ ni. Ohun tó bá yà lórí ti ọ̀tún, àfi kó ṣí i lórí ti òsì kó tó gbà pé òun ti yà á.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ya àtẹ ńlá kan fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ilé, igi, ẹja àti ọkọ̀, àti orúkọ kálukú nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dára lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn atẹ̀wé ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, àwọn àmì ohùn kò dúró síbi tó fi wọ́n sí. Òmíràn fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, òmíràn bọ́ sọnù pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni tó rí i, àtẹ ti wà lára ògiri. Ọmọ kan sì da ohun tó rí níbẹ̀ kọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé ọkọ méjì ni ìyá òun máa ń wọ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́. Ìyá ọmọ náà wá sí ilé ìwé pẹ̀lú ìbínú, ó ní kí wọ́n fi ọkọ kejì han òun. Gbogbo olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ayàwòrán nìkan ni kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá àwọn tí yóò máa bá a fura, ó sì rí wọn. Wọ́n wà káàkiri, wọ́n ń tọ́jú ìlànà kan tí a fi ń ya àwòrán sórí wẹ́ẹ̀bù. Nínú ìlànà yìí, a kì í fi àwòrán ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀: bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, lọ sọ́tùn-ún, tẹ̀ díẹ̀, dúró. Kọ̀ǹpútà tó bá kà á ni yóò fúnra rẹ̀ yà á, ì báà jẹ́ lójú fóònù kékeré tàbí lára ògiri gbọ̀ngàn, kò ní dà rú. Kò sì sí ẹni tó ni ìlànà náà. Bíi kànga àdúgbò ni: ẹnikẹ́ni lè fà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè tì í pa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ pé kò sí kànga tí ẹnì kan ò fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́jọ́ kan, nítorí náà gbogbo gbólóhùn ni wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín wọn, ìfura kì í ṣe àbùkù. Ìfura loògùn àgbà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìlú tirẹ̀ ló kàn láti gba àpérò ìlànà náà lálejò, òun àti Akọ̀wé ni wọ́n ní kó ṣètò rẹ̀. Akọ̀wé jẹ́ ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé, ẹlẹ́nu dídùn, tí ọwọ́ rẹ̀ lórí fóònù yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ ìlànà pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni Akọ̀wé ń pè é. Ẹ-Jẹ́-n-Wò-Ó fúnra rẹ̀ sì ti sọ lójú àwùjọ rí pé bí òun bá fẹ́ gba ẹnì kan gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, Akọ̀wé ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú àpérò náà ni orí tuntun kan tí wọ́n fẹ́ fi kún ìlànà: pé kọ̀ǹpútà yòówù tó bá ń fi ìlànà yìí ya lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ sí ibi tí ayàwòrán fi wọ́n sí gan-an. Ẹ-Jẹ́-n-Wò-Ó ló kọ orí náà, ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ méjì ló sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ni yóò pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èdè wọn kò sì ní àmì. Nítorí náà ó pe àwọn ayàwòrán: olùkọ́ tó ń ṣe ìwé ọmọdé, ọkùnrin tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó ń ya máàpù, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Òfin àpérò ni pé ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngàn nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹnu tí yóò gbèjà àmì ju ẹnu rẹ̀ nìkan lọ, ẹnu kan kò sì lè ká gbọ̀ngàn.

Ibẹ̀ ni Aṣojú ti wọlé. Obìnrin kan ni, tó ṣojú fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ètò ìyàwòrán. Bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó wá sí yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin màmá wa, a gbọ́ pé ẹ̀ ń wá gbọ̀ngàn àti àga. Àwa máa bá yín ṣe é."

"Kí lẹ máa gbà padà?"

"Kò sí o, mà. Ìrànlọ́wọ́ lásán ni."

"Ìrànlọ́wọ́ lásán." Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Ó lọ wò ó lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àga dé gbọ̀ngàn, ó dojú ọ̀pọ̀ nínú wọn dé, ó ń wo abẹ́ wọn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà, bi í bóyá nǹkan rẹ̀ ló sọnù. Ó ní rárá, òun ń wò ó bóyá nǹkan ẹlòmíràn wà níbẹ̀ ni.

Nílé, ọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. "Èèyàn fún ẹ ní àga, o ń bẹ abẹ́ àga wò! Ṣé wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ ni, pé 'ọ̀tá yín la jẹ́'?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Kò pẹ́ tí èje fi yọjú. Níbi ìpàdé ìmúrasílẹ̀, Aṣojú na ọwọ́ sókè, ó ní tòun ti pé òun kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ó dà bíi pé orí tuntun yìí ti wúwo jù. "Ọ̀ṣọ́ ni àmì yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ èyí tó tọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sẹ́yìn ìwé, ẹni tó bá wù lè lò ó." Ẹ-Jẹ́-n-Wò-Ó ti yẹ ọjà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wò ṣáájú, ó sì mọ̀ pé wọ́n ní irinṣẹ́ kan tó ń tún àmì tó bá yẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ta ló máa ra agbòjò níbi tí òjò ò ti rọ̀? Ó wo Akọ̀wé kó fèsì. Akọ̀wé tẹ orí ba, ó ń tẹ nǹkan lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé tún ètò ọjọ́ àpérò tò láìbi í, ó gbé ọ̀rọ̀ àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sán ló wà, nígbà tí gbogbo èèyàn á ti dé. Ìyẹn náà, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó ṣáájú àpérò, bó ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn, ó rí Akọ̀wé àti Aṣojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi tútù, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe rí i, ẹ̀rín náà dúró bí iná tí wọ́n pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀."

"Hẹn."

"Gbogbo nǹkan ti wà létò."

"Mo rí i."

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé èèyàn ò wá lè rẹ́rìn-ín mọ́ ni?"

"Ẹ̀rín tó bá mọ́ kì í dákẹ́ nítorí pé ẹnì kan wọlé."

Télọ̀ ká aṣọ tó ń rán, ó ní kí ó rọra ṣe. Ó ní ẹni tó bá fi ìfura gé aṣọ, ó lè gé apá tó yẹ kó kù.

Ní òwúrọ̀ àpérò, ó kọ́kọ́ yà ní ilé ìtẹ̀wé láti gba pósítà ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́ iwájú gbọ̀ngàn. Ó tú u wò, ó ká a, ó tún tú u wò. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ayàwòrán ló kọ́kọ́ rí. Ìta ni wọ́n wà. Wọ́n dúró lábẹ́ òrùn ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, olùkọ́ gbé àpò ìwé ọmọdé sórí bíi fìlà. Ọkùnrin tó ń kọ pátákó ti ń tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lára irin láti máa lọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níta?"

"Ẹ bi bàbá," olùkọ́ dáhùn. "Wọ́n láwọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ká wọlé. Wọ́n ní àṣẹ ni."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn. "Ẹ má bínú, ìyá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni. Akọ̀wé yín ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Akọ̀wé wo?"

"Akọ̀wé mélòó lẹ ní?" Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó nà án sí i.

Ó kà á. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́: *Baba e ku ise. Ti awon ayaworan ba de e ma je ki won wole ki ipade to bere.*

Gbogbo nǹkan bá tò sí ipò wọn: orí tó tẹ̀ ba, ètò tó yí padà, ẹ̀rín tó dákẹ́. Nínú gbọ̀ngàn, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Alága láti ibi tó wà. Kò bínú lákọ̀ọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ sí àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbínú wá dé. Ó sọ fún ọkùnrin onípátákó pé kó dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó di fóònù bàbá mú, ó wọlé. Bàbá sì ń tẹ̀ lé e, ó ń ní, "Ìyá, fóònù mi ni o."

Àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán ṣófo lápá òsì. Alága, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ń sọ pé bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àmì, wọ́n lè gbé e lọ sẹ́yìn ìwé. Aṣojú ń mi orí. Akọ̀wé ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́." Ó ti dé iwájú. "Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ ibì kankan, ẹ gbọ́ ohun tí akọ̀wé àpérò yín kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn."

Ó gbé fóònù sókè, ó sì kà á, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bíi ti olùkọ́ níwájú kíláàsì. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Tí àwọn ayàwòrán bá dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Akọ̀wé.

"Háà!" Akọ̀wé fò dìde, àga rẹ̀ sì dojú dé. "Ẹ máa! Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa! *Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n wọlé!* Kí wọ́n ti jókòó kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni mo wí!"

Ó ṣí ẹnu láti ní irọ́ ni. Gbólóhùn náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún bọ́ sórí fóònù, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo nǹkan: ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. *E ma.* Lẹ́tà mẹ́ta, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ "ẹ má" àti "ẹ máa" lórí fóònù, orí wọn ṣófo, kò sí fìlà, kò sí gèlè. Ó fi ẹnu kà á ní bòókẹ́lẹ́, ó kà á báyìí, ó kà á báyẹn. Ọ̀nà méjèèjì ló gùn régé. Ní ọ̀nà kan, Akọ̀wé jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, ó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ti ń wo ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀. Kò sí ohunkóhun lórí fóònù náà tó lè sọ fún un èyí tí í ṣe òótọ́.

Ó mọ̀ pé bí òun bá di tòun mú, gbọ̀ngàn á gba òun gbọ́. Ìtìjú á sì kúrò lọ́rùn òun bọ́ sọ́rùn Akọ̀wé títí ayé. Ó yíjú sí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe kà á?"

"Bẹ́ ẹ ṣe kà á yẹn náà ni. Ìpàdé tó ṣáájú tiyín, wọ́n wọlé kó tó yẹ, wọ́n da ilẹ̀ rú. Mo ní àwọn yìí mọ nǹkan. Kò sì sẹ́ni tó wá sọ fún mi pé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀."

Ó yíjú sí Aṣojú. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ èyí tó tọ́. Bàbá gbọ́ èdè. Èmi náà gbọ́ ọ. Àmì gan-an ni mò ń jẹ, òun ni mò ń mu. Ẹ wò ó, a kà á, àwa méjèèjì ṣì í. Mo ti fi í pe ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo yín." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kò dalẹ̀. Èmi ni mo ṣì í kà. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀ṣọ́ ni."

Wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò tí kò gbọ́ èdè, ó sì ń dé etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rín fi ń bẹ́ láti ìlà dé ìlà bí ìgbà tí iná bá ń ran koríko. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Ọ̀rọ̀ kan náà? Ẹ wọlé, àti ẹ má wọlé?"

"Ọ̀rọ̀ kan náà, bí àmì bá bọ́."

"Nígbà náà, kí ló dé tí wọ́n ṣì wà níta?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sáré lọ. Àwọn ayàwòrán wọlé pẹ̀lú òógùn lójú. Bàbá ti rò ó fún wọn, bí olùkọ́ sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ má ni àbí ẹ máa? Ká mọ̀ ká tó gbé ẹsẹ̀." Ẹ̀rín tún bú.

Olùkọ́ sọ ti ọmọ ọlọ́kọ méjì. Obìnrin onímáàpù fi orúkọ abúlé méjì hàn wọ́n tí kò fi nǹkan kan yàtọ̀ ju àmì lọ, ó ní àwọn tó ń kó lẹ́tà ti gba ibẹ̀ sọnù rí. Kí wọ́n tó lọ jẹun, gbọ̀ngàn ti fohùn ṣọ̀kan: orí náà dúró láàárín ìwé, ó sì di dandan. Aṣojú wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ kú oríire, mà. Àwa náà máa fi í sínú ètò tiwa, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Ó bá Akọ̀wé lórí àtẹ̀gùn ìta. Ó jókòó tì í.

"Kí ló dé tí o fi gbé e sí òwúrọ̀?"

"Kó má baà di pé oorun ń kun àlejò kó tó kàn yín. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti wọlé, ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àmì?"

"Ẹ̀rín yẹn ńkọ́?"

Akọ̀wé tẹ orí ba. "Ó ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ lẹ dojú gbogbo àga dé. Mo ní ẹ tilẹ̀ fi imú gbọ́ òórùn wọn. Ìgbà yẹn lẹ yọ."

Ó fẹ́ bínú, kò rí i ṣe.

"Èmi náà fura sí yín," Akọ̀wé sọ. "Nígbà tí mo rí àga tó ṣófo, mo ní ẹ ti kó wọn lọ ṣe ìpàdé tiyín."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ."

Ó ní kó dárí ji òun. Akọ̀wé ní ó ti tán, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ títí tó fi délé. Ọkọ rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó mú fóònù, ó fi ìka di lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mú títí àmì rẹ̀ fi yọ, ó ń yàn án lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì: *Àbúrò mi, mo jẹ̀bi rẹ. Jọ̀wọ́, má bínú.*

Èsì Akọ̀wé kò pẹ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá: *E ma binu si emi naa o.*

Ó wò ó. Ó gbé fóònù jìnnà, ó tún fà á mọ́ra.

"Kí ló kọ?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ó ní kí n má bínú sí òun." Ó dúró díẹ̀. "Àbí kí n máa bínú ni?"

Télọ̀ na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè rí i. "Kí lo rò?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná," ó wí, ṣùgbọ́n ó ti fa abọ́ oúnjẹ mọ́ra, ó sì ti ń jẹun.